Ìlà Tí Mo Gé Kúrò Lára Ìwé Orin

Èmi kì í lè jókòó sójú kan. Bí mo bá gbé oúnjẹ kaná, màá ti máa ronú aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Bí mo bá ń fọṣọ lọ́wọ́, ọkàn mi á ti dé ilé ìwé. Ìyá mi máa ń sọ pé bí òun bá rán mi níṣẹ́, kí òun tó parí ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi kan á ti wà níta, màá sì tún padà wá béèrè ohun tí òun ní kí n rà. Ẹ̀kọ́ orin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì sí iṣẹ́ tó le fún oníwàǹwára tó iṣẹ́ orin, nítorí orin kì í tìtorí ẹnikẹ́ni yára. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwàǹwára mi ló fà á. Mo ti gbìyànjú láti dẹ́bi rẹ̀ ru íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti gbìyànjú láti dẹ́bi rẹ̀ ru ẹ̀rọ fótókọ́pì, ẹ̀bi náà kò gbà láti dúró lọ́dọ̀ wọn.

Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nílé wa ní Lafiaji. Bàbá tó bí bàbá mi ló ni ín. Àwọn ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orin kún ìwé ẹsasáìsì bí ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ní sólífà: dò, rè, mì, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tó ń sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Kí n tó lè ka ìwé dáadáa ni mo ti lè ka sólífà. Títí di òní, bí ẹ bá gbé ìwé orin olóyìnbó fún mi, èyí tó ní ìlà márùn-ún tí àwọn kóró dúdú dì mọ́, mo lè kà á, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ ọ́ di sólífà nínú orí mi kí n tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọrin tí mo mọ̀ ní Èkó ṣe ń ṣe é, ojú kì í sì í tì wá.

Sólífà yẹn náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Fèrè oníke ni wọ́n ń fọn, èyí tí àwọn òbí lè rà ní Ìdúmọ̀tà láìjanpata. Ṣùgbọ́n àpótí bàbá àgbà kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí orin ṣọ́ọ̀ṣì ló kún inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo ń kọ́. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìwé náà, mo kọ́ wọn ní orin Kérésì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mẹ́rin kò wá sí kíláàsì orin mọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi jà, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà. Wọn ò kàn wá mọ́ ni.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn tí mo ń kọ́ lọ́dún yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bí mo bá fọn orin kan lẹ́ẹ̀kan péré, á wò mí bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló kù, á gbé fèrè sẹ́nu, á sì fọn ọ́n. Mo ti ń kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wá lọ́dọọdún. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, Alhaja kan tó ń ta ańkárá ní Ìdúmọ̀tà, tí agboolé wọn kò jìnnà sí òpópónà Adéníji Adélé. Mo lọ kí Alhaja nílé láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra fèrè tó dára díẹ̀ fún ọmọ náà, kí ó lè máa mú un lọ sílé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Àwọn kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, ìwà tí èmi ò ní.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́, Tíṣà. Kó máa fọn ọ́n. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ó parí nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní èmi tí mo ti ń jókòó láàárín àwọn akọrin láti ọmọ ọdún méje, orin ṣọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ gba iwájú mi kọjá tí n kò ní dá a mọ̀? Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Alhaja náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ọmọ náà gbé omi tútù fún mi, ọmọ náà sì gbé e wá tòun ti ayọ̀ lójú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ títí a fi parí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí a sọ ló gbọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀gá ilé ìwé wa sọ pé gbọ̀ngàn kan ní Oníkan ni a ó ti ṣe àjọyọ̀ ìparí ọdún, àti pé kíláàsì orin yóò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sọ fún ọmọ náà pé òun nìkan ni yóò fọn orin kan nínú rẹ̀, tí àwọn tó kù yóò dákẹ́. Kò tíì dúró níwájú èrò rí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí kì í bi mí pé, orin wo ni? Èmi náà kò mọ̀. Mo ní mo ń wá a.

Mo ń wá a lóòótọ́. Lórí fóònù ni mo ti ń wá a, nínú bọ́ọ̀sì, nídìí ìkòkò, àti nínú ìsìn bí ìwàásù bá ti gùn jù. Ìkànnì kan á fi ojú ewé kìíní hàn mí, bí mo bá sì ti ń gbádùn rẹ̀, á ní kí n mú nọ́ńbà káàdì báńkì wá. Òmíràn á fi ọ̀rọ̀ gàdàgbà kọjá láàárín nóòtì débi tí n kò ní mọ èyí tó jẹ́ orin. Òmíràn ní kí n kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí mi, mo sì bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, àfi bíi pé ó ń gbọ́ mi. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà: ara ò rọ èmi, ara ò rọ fóònù, dátà sì ń lọ.

Níkẹyìn mo já sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti fẹ̀yìn tì, ìlú olótùútù kan ló ń gbé, ó sì ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń fọn irú fèrè tiwa, ó ń kó o sórí ìkànnì kékeré kan kí ẹnikẹ́ni lè mú un. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní. Nóòtì rẹ̀ tóbi, kò béèrè káàdì, kò béèrè ọjọ́ ìbí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìlà kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì. Mo rí wọn. N kò ní sọ pé n kò rí wọn. Mo rí wọn bí èèyàn ṣe ń rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tó bá ń sáré lọ.

Mo mú orin mọ́kànlá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àkọlé rẹ̀ jẹ́ èdè tí n kò gbọ́, mo sì pinnu pé orin tí ìyá fi ń rẹ ọmọ ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kùn ún nímú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi wé gbogbo orin tó wà lórí mi, mo tilẹ̀ yẹ àpótí bàbá àgbà wò. Kò sí níbẹ̀. Mo ní, ó tán, orin ọmọ nìyí, kò lẹ́sìn kankan. Mo kọ sólífà sábẹ́ nóòtì rẹ̀, inú mi sì dùn gan-an ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì ní Adéníji Adélé ni mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo fẹ́ kí orin mẹ́rin wà lójú bébà kan, kí ìwé àwọn ọmọ má baà pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ yẹn ń gba àyè. Mo yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Mo gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá to àwọn orin pọ̀ mọ́ra. Obìnrin náà ń wò mí. Ó ní, ṣé orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gé dànù yẹn? Mo ní orin ni a fẹ́ fọn, kì í ṣe àlàyé. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá àwọn pélébé bébà náà kúrò lábẹ́ tábìlì, mo sì sáré bá iṣẹ́ mi lọ.

Orin tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn ni mo fún ọmọ náà. Ó mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó kù ni mímí: ibi tó yẹ kó ti mí sínú àti ibi tó yẹ kó ti jẹ́ kí ohùn náà fà. Mo ní kó máa fọn ọ́n nílé lọ́sàn-án, kó máa fọn ọ́n títí yóò fi sú u, nígbà tó bá sú u tán ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ń pè é ní Oníkan. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Oníkan, bọ́ síbí." Kì í bínú sí wọn.

Ẹ̀gbọ́n Alhaja ọkùnrin wà ní agboolé náà, Bàbá àgbàlagbà kan tí ojú wọn ti ń ṣú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tàwọn ti tẹ̀súbáà wọn. Ọmọ náà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní òun ń fọn orin náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni Bàbá bá gbé orí sókè. Wọ́n ní kí òun tún un fọn. Nígbà tí òun tún un fọn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Alhaja ti ọjà dé, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì bi Bàbá pé orin kí nìyẹn.

Bàbá kò rò pé aburú ni. Wọ́n sọ fún Alhaja pé orin Màríà ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ilé ìwé àwọn Fàdá ló sún mọ́ ilé jù, ibẹ̀ ni bàbá àwọn sì fi àwọn sí, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń kọ orin yẹn lédè Látìn kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn lọ sílé. Wọ́n ní láti ìgbà náà, àwọn kò gbọ́ ọ mọ́, àwọn kò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Wọ́n bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, n kò mọ orin náà, nítorí ìjọ Àgùdà ló ni ín. Ìjọ tiwa àti tiwọn kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n bàbá àgbà kì í wọ ọ̀dọ̀ wọn, orin wọn kì í sì í wọ inú àpótí wa. Mùsùlùmí ló wá dá a mọ̀. Ká ní ìlú mìíràn ni, bóyá èèyàn lè fọn ọ́n kó sì mú un jẹ. Ní Erékùṣù Èkó, kò sí orin tí o lè fọn lójú fèrèsé tí arúgbó kan kò ní jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Alhaja ránṣẹ́ pè mí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí a lọ sí Oníkan. Mo bá wọn nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí, ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní orin ìrẹmọ ni. Mo ní kò lọ́rọ̀ nínú, ohùn lásán ni, ta ló ń fi ohùn lásán ṣe ìsìn? Mo ní ìwé tí mo ti mú un kò sọ pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lójú ni mo ṣe sọ ọ́.

Alhaja na ọwọ́, wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá. Mo yọ bébà náà nínú báàgì mi. Àwọn kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e dání, wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ etí rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún aṣọ. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tún yí i síwájú.

Wọ́n ní, "Tíṣà, etí ẹ̀ dà?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Wọ́n fa ìdì ańkárá kan yọ lára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ṣí etí rẹ̀ síta, ibi funfun tí orúkọ àwọn tó ṣe é wà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí aṣọ náà fi tán.

"Ibí yìí ni wọ́n máa ń kọ ẹni tó ṣe é sí. Oníbàárà mi, etí aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ẹnì kan bá gbé aṣọ tí ò létí wá bá mi, màá mọ̀ pé ó lóhun tó ń fi pa mọ́. Kí lẹ̀yin ń fi pa mọ́?"

Mo ní n kò fi nǹkan kan pa mọ́, àyè ni kò tó. Etí ara mi gbọ́ bí ó ṣe dún. Alhaja dá bébà náà padà fún mi, wọ́n ní kí n lọ mú etí rẹ̀ wá.

Inú bí mi títí mo fi dé ilé. Mo ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, mo ń bi ara mi pé irú kí nìyí, kí wọ́n máa wọn orin lọ́pàá bí aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ bàtà tán, ìbínú náà kò ní ẹni tí yóò bà lé mọ́ bí kò ṣe èmi. Mo wá ìkànnì náà. Kò sí lórí fóònù mi mọ́, torí mo ti pa ohun gbogbo rẹ́ nígbà tí ó kún. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń wá a, láàárín kíláàsì kan sí èkejì, mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lóríṣiríṣi. Lọ́sàn-án ni mo rí i. Mo tẹ ojú ewé náà tóbi, mo sì ka àwọn ìlà méjèèjì tí mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé.

Mo jókòó. Èmi tí kì í jókòó. Ohun tó wà níbẹ̀ hàn kedere, kò fi bọpobọyọ̀ sọ ọ́. Mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo lè má mú un lọ. Mo lè sọ fún Alhaja pé ìkànnì náà ti kógbá wọlé. Ìkànnì ń kógbá wọlé lójoojúmọ́, ta ni yóò já mi nírọ́? Bóyá Alhaja yóò ní kó lọ fọn òmíràn, bí wọ́n bá gbà pé n kò lè mọ̀. Mo rìn láti ilé ìwé dé Oníkan, mo yípo níwájú gbọ̀ngàn tí a fẹ́ lò, mo tún rìn padà. Òógùn bò mí. Mo fẹ́ kí ọmọ náà dúró sórí pèpéle yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ ní ọdún náà. Ohun tó mú mi tẹ ojú ewé náà jáde kì í ṣe ìwà rere tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn rántí pé ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ pé ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà mí gbọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Alhaja, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní òun ni kó kà á. Ìyẹn dùn mí wọnú egungun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo tọ́ sí i. Ọmọ náà gba bébà. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá bàbá rẹ̀. Ó ka ti òkè, níbi tí olùkọ́ náà ti sọ pé orin àtijọ́ ni, tí wọ́n fi ń yin Màríà ní ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí wọ́n bí òun sí, pé ìyá òun fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ ọ́ fún fèrè. Ó wá dé ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un, kó tẹ̀ ẹ́, kó yí i padà bó ṣe wù ú fún àwọn ọmọ rẹ̀, òun kò gba nǹkan kan. Ó dúró níbẹ̀. Ó wo ojú mi.

Alhaja ní, "Kà á tán."

Ọmọ náà ní, "Wọ́n ní, ohun kan ṣoṣo làwọn bẹ̀. Ẹ má gé ìlà yìí kúrò, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lè mọ ibi tó ti wá."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá ti béèrè pé ṣé wọ́n ti rí i, ṣé orin Màríà yẹn náà ni? Alhaja dáhùn pé òun náà ni. Bàbá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ fọn òmíràn, pé ẹnu àwọn ló fa gbogbo rẹ̀, àwọn ì bá ti dákẹ́. Ẹni tó gbọ́ orin ìgbà èwe rẹ̀ lẹ́yìn ọdún gbọgbọrọ, ìdùnnú tirẹ̀ ló wá di ẹjọ́ ọmọ.

Alhaja yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ẹ ò purọ́ fún mi lónìí, Tíṣà. Ẹ ṣeun. Ká ní ẹ dákẹ́ ni, n ò ní mọ̀. Àmọ́ mo ti sọ̀rọ̀ kan, ọmọ yìí wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Kò ní lọ sí Oníkan."

Mo ní, "Èmi ni mo ṣẹ̀, mà. Kì í ṣòun."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu fèrè náà, ó tì í sínú àpò rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ká ní ó sunkún ni, bóyá ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

A lọ sí Oníkan. Mo lè fi ọmọ mìíràn dí àlàfo náà, ọmọ méjì bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá wa di ìṣẹ́jú méje. Kí wọ́n tó fọn orin kọ̀ọ̀kan, mo sọ ibi tó ti wá àti irú ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí mo ń wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Mo mọ̀ pé kò ní wá, mo sì ń wò ó síbẹ̀.

Nígbà ìsinmi, mo tún gbogbo ìwé náà ṣe. Mo lọ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì olùkọ́ yẹn, mo fi sólífà sí wọn tuntun, mo jẹ́ kí orí wọn wà lórí wọn, kí ẹsẹ̀ wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo fi ọwọ́ ara mi kún un nísàlẹ̀ pé èmi ni mo yí i sí sólífà, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe mọ ẹni tó máa bá wí. Mo kọ lẹ́tà kékeré sí olùkọ́ náà, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Kò tíì dá mi lóhùn. Orin Màríà yẹn wọ inú àpótí bàbá àgbà. Ó di Àgùdà àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Mẹ́wàá tó kù ni mo kó lọ bá Alhaja. Wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò yára. Wọ́n ní, ó ti létí báyìí. Wọn kò sọ bóyá ọmọ náà yóò padà sí kíláàsì orin, n kò sì béèrè.

Sáà tuntun wọlé. Ọmọ náà ń wá sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kò yọjú sí kíláàsì orin. Ara mi ń ṣe mí wìràwìrà, mo ń ṣílẹ̀kùn, mo ń tì í, débi pé àwọn ọmọ ní, Àǹtí, ṣé ooru ń mú yín ni? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó jókòó sáyè rẹ̀ àtijọ́, ó yọ fèrè, ó bá wa fọn. Èmi náà ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí àwọn tó kù jáde, ó mú bébà kan wá bá mi, ó gbé e lé tábìlì.

Sólífà ni, ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Mo kùn ún nímú. Mo ti gbọ́ ọ rí: orin tí Alhaja máa ń kùn nígbà tí wọ́n bá ń ká aṣọ ni. Ohùn kan wà ní ìlà kẹta tó dà bíi pé ó ṣì í kọ, mo sì ti ń wá bírò láti tún un ṣe. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni Màmá àgbà ṣe máa ń kọ ọ́. Mo gbé bírò náà sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: Ọ̀dọ̀ màmá àgbà mi ni mo ti gbọ́ ọ, nílé wa. Wọ́n ní ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má gé ìlà yìí kúrò, Àǹtí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé parí, mo mú bébà náà lọ sí Adéníji Adélé. Inú ìwé gígùn ló ti ya á, ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kò sì bọ́ sójú ẹ̀rọ fótókọ́pì. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wò ó, ó wò mí, ó ti ń na sísọ́ọ̀sì sí mi. Mo ní kó lo bébà méjì.